Ẹ̀kán Méjìlélógójì

Ìṣó kan wà lára ògiri ilé ìdáná mi ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Tẹ́lẹ̀, asẹ́ ni mo máa ń gbé kọ́ ọ. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ike omi ló gba ipò asẹ́. A dorí ike náà kodò, a dá ihò sí ìdérí rẹ̀, a sì ki okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára bọ inú ihò náà. Lálaalẹ́, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ti fọ abọ́ tán, á fa àpótí jókòó sábẹ́ rẹ̀, á gbé fóònù lé itan, á sì máa ka omi tó ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀kán bá pé méjìlélógójì kí ìṣẹ́jú kan tó pé, á fún okùn náà mọ́ díẹ̀. Bí kò bá pé, á tú u sílẹ̀. Ọkọ mi ní òun kò rí ilé tí wọ́n ti ń fi omi tí a fi owó ra ṣeré báyìí rí.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ yìí ti ṣe ìdánwò káńsù nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kò sì yege. Nígbà àkọ́kọ́, alẹ́ ni èsì jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ fóònù, íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó ṣí tán, kò pariwo, kò sì sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún mọ́mì.” Mọ́mì tó ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo lọ́jà Sángo. Ó ti ra aago kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi pín-ìn-nì há àyà, ó ti dì í sínú páálí, ó ti gbàdúrà lé e lórí. Aago náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ẹni tí kò bá ní nọ́ọ̀sì nínú ẹbí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì kí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wo ojú rẹ̀. Á lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán, á ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, á fọ ìdí àgbàlagbà tí kò bí i, á ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní hospital final. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ti káńsù, ìyẹn Nursing and Midwifery Council of Nigeria, wá kù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, orí kọ̀ǹpútà sì ni báyìí. Ẹni tí kò bá yege kì í ṣe ìdajì nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì rárá. Dìkíríì 89 ti ọdún 1979, tó fi káńsù yìí lélẹ̀, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti máa ṣe iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn.

Bí wọ́n bá wá ní kó padà wá, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló máa wà láàárín. Oṣù mẹ́fà yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà, pàápàá ní àdúgbò bíi tiwa.

Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ló la àdúgbò wa kọjá. Bells University wà nítòsí, Canaanland àti Covenant University kò sì jìnnà sí wa, débi pé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọkọ̀ lè to bí èèrà kí ìsìn tó tú tán. Ẹ wá síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kẹ́ ẹ rí ìdí tí Ọ̀tà fi jẹ́ Ọ̀tà. Àwọn òṣìṣẹ́ òru á máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kọ́ńpìnì, ojú wọn á pọ́n, eruku á wà nírun wọn, bẹ́ẹ̀ làwọn ti ọ̀sán á máa gòkè sínú bọ́ọ̀sì kan náà. Níbi tí èèyàn bá ti ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ á máa gé èèyàn níka, ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n, ikọ́ kò sì ní kúrò láyà wọn. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn aládàáni ti ń hù bí olú. Kí kọ̀rọ̀pẹ́ tó gbé yín dé ààrin Ọ̀tà, pátákó wọn tẹ́ ẹ máa kà kò ní lóǹkà.

Ilé ìwòsàn wọ̀nyí nílò ọwọ́, nọ́ọ̀sì tó ní ìwé sì wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọ́n á mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, wọ́n á rán aṣọ fún un, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ hàn án, wọ́n á pè é ní auxiliary. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní nọ́ọ̀sì. Ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá kò ní béèrè ìwé ẹ̀rí. Aṣọ funfun ló rí.

Fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ọmọ tó lo ọdún mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́, tí káńsù wá dá padà, ẹran ìgbẹ́ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìkòkò ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe, owó auxiliary ni wọ́n á san fún un. Bó bá sì bínú, ta ni yóò fẹjọ́ sùn? Ọ̀kan nínú wọn ló pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn èsì àkọ́kọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, “Wá máa bá wa ṣe é níbí ná, kí ọwọ́ rẹ má bàa kú.” Mo rò pé ìmọ̀ràn gidi ni. Èmi gan-an ni mo ní kó lọ. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ìyẹn kí n tó máa dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Ọwọ́ rẹ̀ kò kú lóòótọ́. Ó kàn kọ́ nǹkan mìíràn ni. Alẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ló ń lọ, kì í sì í padà délé kí oòrùn tó mú. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì, mo ń fi ọwọ́ mi nu eruku rẹ̀. Nígbà tó padà lọ jókòó ìdánwò kejì, ó ti sanra níbi tí kò yẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì fìdí rẹmi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn ẹ̀kejì yìí, ilé wa pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní àfiṣe ni, pé àwọn ará ilé bàbá ọmọ náà kò fẹ́ kó débì kankan. Ọkọ mi ní kó lọ wá iṣẹ́ nílé iṣẹ́, pé àwọn tó ń dán ọjà wò kí wọ́n tó kó o sí páálí ń jẹun. Pásítọ̀ kan sọ fún un pé bóyá Ọlọ́run ń sọ fún un pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà. Ẹni tó bá mọ ibi tí ilé wa wà mọ̀ pé àdúrà kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí pé ìbéèrè wo gan-an ló gbà á lójú.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ábẹ́òkúta ló kọ́kọ́ béèrè. Ojúlùmọ̀ ọjà ni èmi àti wọn. Mo mú ọmọ náà lọ bá wọn kí wọ́n lè gbà á níyànjú. Wọn kò gbà á níyànjú rárá. Wọ́n fún un ní ogún ìbéèrè tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú ìwé, wọ́n ní kó dáhùn, wọ́n sì lọ ro ọkà. Nígbà tó parí, wọn kò máàkì í. Wọ́n kàn ń tọ́ka sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan pé, “Kí ló dé tó o fi mú èyí?” Kò tó wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ fi hàn. Ọmọ yìí mọ àìsàn, ó mọ oògùn, ó mọ orúkọ egungun. Ṣùgbọ́n níbi tí ìbéèrè bá ti ní, “Kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe?”, abẹ́rẹ́ ni ó máa ń mú. Kì í kọ́kọ́ wo aláìsàn, kì í wọn ooru ara rẹ̀, kì í béèrè ohun tó ṣe é. Níbi tí ìṣirò bá wà, ó ń fojú bù ú ni.

Màmá ní, “Ta ló kọ́ ẹ báyìí?”

“Ibi iṣẹ́ ni, mà.”

“Fi ibẹ̀ sílẹ̀.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bu ọkà fún wa, a jẹ, a wọkọ̀ padà sí Ọ̀tà.

Lójú ọ̀nà ló wá ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń fa omi síni lára níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ka ẹ̀kán. “Jẹ́ kó máa sáré díẹ̀,” tàbí “Dín in kù,” ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Omi tó yẹ kó wọ ara fún wákàtí mẹ́jọ lè parí ní mẹ́ta. Géńdé lè gbà á mọ́ra, kó dìde, kó tọ̀ ọ́ jáde, kó máa lọ sílé. Ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára kò sì rí bẹ́ẹ̀: omi tó bá yára jù lè kún ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ìdánwò kò mọ ohun tó ń jẹ́ “díẹ̀”. Ohun tó máa ń sọ ni pé lítà kan ni, wákàtí mẹ́jọ ni, ogún ẹ̀kán ló sì wà nínú mílílítà kan lára okùn yìí; ẹ̀kán mélòó ni fún ìṣẹ́jú kan? Mílílítà ẹgbẹ̀rún kan lọ́nà ogún jẹ́ 20,000. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Pín in, ó lé ní mọ́kànlélógójì. Omi kì í sì í kán ní ààbọ̀, nítorí náà méjìlélógójì. Bí ike ṣe dé ara ìṣó ilé ìdáná mi nìyẹn.

Ìjà lórí ìdánwò nọ́ọ̀sì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Florence Nightingale tí gbogbo wọn ń fi orúkọ rẹ̀ búra kò fara mọ́ ọn pé kí ìjọba máa fi ìdánwò kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sínú ìwé. Ohun tó ń sọ ni pé ìdánwò kò lè wọn ìwà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ethel Bedford Fenwick ló takò ó. Ìjà náà lé ní ọgbọ̀n ọdún kí Ìlú Ọba tó ṣòfin rẹ̀ ní 1919, nígbà tí wọ́n sì ṣí ìwé, orúkọ Fenwick ló wà ní nọ́ńbà kìn-ín-ní. Lálẹ́ ọjọ́ tí èsì kejì jáde, ẹ̀yìn Nightingale ni mo wà. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ omi tí ẹnikẹ́ni kì í kà, mo sá lọ sẹ́yìn Fenwick, n kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó ń ta ọ̀nà ẹ̀bùrú náà kò jẹ́ ká sinmi. Ọ̀kan wá bá a nídìí ọjà ìyá rẹ̀, ó ní òun mọ ẹni tó lè bá a jókòó ìdánwò. Mo ní kí ọmọ wa lọ bi àwọn tó ṣe ìdánwò NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, n'Ìbàdàn. Ní 2023, àjọ náà kéde pé àwọn rí àmì màgòmágó nínú èsì tó jáde láti ibùdó kan tó ń jẹ́ Yunnik níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí 512 tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé àjọ náà ló ti gba ibùdó yẹn kọjá, yàtọ̀ sí àwọn tó ṣì ń dúró. Ẹni tó jí ìwé wò àti ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ ṣe é, ojú kan náà ni wọ́n fi wo gbogbo wọn, wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ẹlòmíràn wà nínú wọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọmọ àti owó ilé, nígbà tí lẹ́tà dé.

Ẹnì kejì nínú wọn ní kó gbàgbé káńsù, kó máa lọ tọ́jú arúgbó nílùú Òyìnbó, pé wọn kò béèrè ìwé nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó ṣì ń ta ọjà náà lẹ́yìn ọjọ́ 22 oṣù Keje, 2025, tí ìjọba Ìlú Ọba ti pa ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn títì kì í sọ pé ó ti tì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò sì mọ̀ ni pé ìdánwò kì í parí síbí fún ẹni tó fẹ́ jàpa. Ẹni tó bá lọ sí Ìlú Ọba ń bọ̀ wá ṣe OSCE, ibùdó mẹ́wàá, níbi tí wọ́n á ti máa wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lè gbìyànjú; bí ẹ̀kẹta bá bọ́, á dúró oṣù mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún bọ́ nínú ti àkọ́kọ́ nítorí pé ó dákẹ́. Gbogbo ohun tó yẹ ló ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ jáde lẹ́nu bó ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń máàkì ń dúró de ọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n tọ́ òun pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀gá. Ti Amẹ́ríkà ni NCLEX, tí ìbéèrè rẹ̀ máa ń wà láàárín 85 sí 150 láti 2023. Bó o bá ṣe ń gbà á ni kọ̀ǹpútà yóò máa fún ọ ní èyí tó le sí i. Ẹni tí kò bá yege á dúró ọjọ́ márùndínláàádọ́ta kó tó padà. Ní Florida, ẹni tó bá bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní láti padà sí kíláàsì kí wọ́n tó gbà á láyè.

Mo fẹ́ràn ìlànà Florida yẹn. Kò sọ pé kó o lọ sílé, kò sì sọ pé kó o máa fi orí gbá ògiri kan náà. Ó ní kó o kọ́kọ́ lọ wo ohun tó ń gbé ọ ṣubú. Níbí, ẹbí ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹbí kì í sì í mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ẹbí mọ̀ ni “tún un ṣe” tàbí “fi í sílẹ̀”.

A ṣe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi, ọmọ náà, àti àbúrò bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi jù ni ọjọ́ orí. “Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni o! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ́mọ pọ̀n.” Mo sọ ìtàn Kofoworola Abeni Pratt fún wọn. Ní 1915 ni wọ́n bí i l'Ékòó. Tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe, ó lọ́kọ, ó sì ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Òun náà ló padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé ìyẹn náà féèlì káńsù?” N kò rí èsì fọ̀.

Mo wá gbé ọ̀nà kejì kalẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ilese-Ijebu, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí a ń pè ní CHEW. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n ní ìwé àṣẹ tiwọn, wọ́n sì ní ìwé ìlànà tó ń sọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún aláìsàn àti ibi tí agbára wọn mọ. Àwọn ni ẹ máa bá nílé ìwòsàn alábọ́dé lábúlé tí dókítà kì í dé. Ẹ̀gbọ́n mi fà sẹ́yìn. “Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọ mi fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ ṣe CHEW?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́. Ní báyìí, kí ni wọ́n ń gbọ́?” Ó dákẹ́ lóòótọ́. Lójú tèmi, CHEW tó ní ìwé sàn ju ẹni tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì láìní ìwé lọ, ní owó, ní iyì, àti nígbà tí ọlọ́pàá bá dé.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ó ní òun á ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Òun kò ní padà sí ilé ìwòsàn yẹn, òun á máa bá ìyá òun ta ẹ̀wà lọ́jọ́ ọjà, òun á máa lọ sọ́dọ̀ Màmá l'Ábẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí òun kò bá yege, kí a jọ lọ gba fọ́ọ̀mù Ilese. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó kọ déètì sí i, ó ní kí ìyá òun fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ àtàǹpàkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀wé kọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń fọwọ́ sí gbèsè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti tó agogo mẹ́wàá alẹ́ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ilé wa ni, ọmọkùnrin rẹ̀ wà léjìká, ara ọmọ gbóná bí ààrò. Ọwọ́ kejì, ọ̀rá dúdú ló wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ ibà àti síríǹjì tí wọ́n tà fún un ní kẹ́mísì. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi gún un.”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ọmọ náà. Kò gba ọ̀rá. Ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó fi ohun ìwọn-ooru sí i ní abíyá, ó ń wo bó ṣe ń mí, ó ń ka èémí rẹ̀ pẹ̀lú fóònù gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ka omi. Ó béèrè ìgbà tí ara ti ń gbóná, ó béèrè bóyá ó ti gìrì. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fún òun ní owó márúwá.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà l'Ọ́tà. Ó ti lé ní agogo kan òru kó tó padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Mo ní báwo ni. Ó ní wọ́n ti dá ọmọ náà dúró, wọ́n sì ti fa omi sí i lára. Ó ní nígbà tí àwọn débẹ̀, tí òun ń to gbogbo ohun tí òun rí lára ọmọ náà fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin náà gbójú sókè, ó ní, “Ṣé nọ́ọ̀sì ni yín?”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní aládùúgbò wọn ni mí, mà.”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó lọ sí ilé ìdáná lọ fọ ẹsẹ̀.